Mo fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ nítorí àwòrán: báwo ni mo ṣe máa mọ àwọn èèyàn inú iṣẹ́ yìí?

ỌmọAkunlé (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, aago 9 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Lápá Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ níbí ni mo ń gbé. Ọdún 6 ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ pátákó ìpolówó àti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà mo fi ọdún 4 kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán yíyà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn lọ́dún yìí, mo sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé mi ò ní padà wá. Àwòrán nìkan ni mo fẹ́ máa fi jẹun. Gàrí ni ìyàwó mi ń tà, òun ló ń gbọ́ bùkátà ilé báyìí. Kò ráhùn sí mi létí rí, ṣùgbọ́n mo ń rí i lálẹ́ bó ṣe ń ka owó, tó sì tún ń kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwòrán 14 ló wà nínú yàrá wa. Àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù gba orí ọ̀sà wá sọ́jà ni mo sábà máa ń yà. Mo ti ta 2, ẹnì kan náà ló rà á, 40,000 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu gba 3 lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn á gbé e kọ́ síbi tí àlejò á ti máa rí i, bó bá tà, a ó pín owó. Oṣù kẹrin rèé. A ò kọ ìwé kankan. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ọ̀gá ti rìnrìn àjò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé mi ò mọ èèyàn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti wọkọ̀ lọ síbi ìṣíde ìpàtẹ àwòrán ní Kútọnu. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo máa ń dúró sí, mà á wo iṣẹ́ títí, mà á mu ohun tí wọ́n bá gbé fún mi, mà á tún wọkọ̀ padà sílé. Ó dà bíi pé gbogbo wọn ti mọra tipẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú rẹ̀, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé àfi kí n kó lọ sí Kútọnu ni?

ÌyáAláàdìrẹ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ọmọ mi, ká tó sọ ti ojúlùmọ̀, lọ gba ẹrù rẹ. Má pe fóònù mọ́. Lọ fúnra rẹ, láàárọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí o wọṣọ tó mọ́. Kọ ìwé dání kí o tó lọ, ẹ̀dà 2: orúkọ rẹ, orúkọ àwòrán kọ̀ọ̀kan, bó ṣe gùn àti bó ṣe fẹ̀ tó, iye tí o fẹ́ tà á, ohun tó jẹ́ tìrẹ àti tiwọn níbẹ̀, ọjọ́ tí o gbé e wá, ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà bí kò bá tà. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Bí wọn ò bá fẹ́ buwọ́ lù ú, gbé e, kí o máa bọ̀ nílé. Má bá wọn jà o.

Mo gbé aṣọ 22 sílẹ̀ fún ẹnì kan rí láìkọ ìwé. 9 ni mo rí gbà padà.

Agbẹ́gilére (Kétu), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6 àárọ̀

Àbúrò, mo kí ọ. Kétu ni mo wà, ọwọ́ bàbá wa la ti jogún ère gbígbẹ́. Mi ò gbé Kútọnu rí, mi ò sì ní í gbé e. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ rò ni pé: ta ló nílò iṣẹ́ rẹ níbi tí o wà? Ní tèmi, àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni oníbàárà mi àkọ́kọ́, títí di òní wọn ò fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí UNESCO kéde ní 2001 pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà lára ogún gbogbo aráyé, ti àwa Bẹ̀nẹ̀, ti Nàìjíríà àti ti Tógò pa pọ̀, àlejò wá ń pọ̀ sí i. Ère àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè. Ọkùnrin kan gbé owó gidi kalẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n fi èéfín àti ẹrẹ̀ pa ère tuntun, kó lè dà bí ohun tí wọ́n ti ń gbé jó láti ayé bàbá ńlá wa. Mo kọ̀. Abẹ́ ère mi, níbi tó máa ń jókòó lé orí, ibẹ̀ ni mo ń fi ọ̀bẹ fín orúkọ mi àti ọdún sí. Ó bínú kúrò. Nígbà tó di ọdún kejì, obìnrin kan wá, iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére tó ṣì wà láàyè ló ń kó jọ. Ọkùnrin yẹn gan-an ló júwe ilé mi fún un.

Obìnrin náà jókòó tì mí fún ọjọ́ 3. Ó rí mi nígbà tí mo ń fi àáké lẹ́ igi kó tó jọ orí èèyàn, ó rí mi nígbà tí mo ń dán an, ó jókòó títí mo fi fín ilà sí i lójú. Kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n èèyàn 5 ló ti tọ ipasẹ̀ rẹ̀ wá sí Kétu. Nítorí náà, mi ò gbà pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ìpàtẹ nìkan ni a ti ń mọ èèyàn. Jẹ́ kí wọ́n bá ọ níbi tí ọwọ́ rẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Mo ní ìwé kékeré kan, ẹfun ti yí i lẹ́yìn débi pé a ò rí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ ẹni tó rà, ohun tó rà, ọjọ́ tó rà á, nọ́ńbà rẹ̀, àti ohun tó sọ nígbà tó ń wo ère náà. Bí mo bá gbẹ́ òmíràn tó jọ ọ́, mo ń pè é pé kó wá wò ó. Ẹni tó ra àwòrán 2 lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo pè é kẹ́yìn?

AráGodomey, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1 ọ̀sán

Ẹ má bínú, bàbá wa ní Kétu. Mo gba ti ìwé kékeré yẹn wọlé tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ẹgbẹ́ tó ń retí rẹ̀ lọ́dọọdún. Àwòrán tí a yà sára aṣọ kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ouando. Kútọnu ni àwọn tó ń rà á pọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ ń gbà kọjá.

Kì í ṣe pé kó o kó lọ o. Bíi kìlómítà 30 ló wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, owó ilé Kútọnu á jẹ owó ọ̀dà rẹ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni ọjọ́ tó o ń lọ. Lọ́jọ́ ìṣíde, ẹni tó ni iṣẹ́ ń kí àwọn èèyàn ńlá, àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré sókè sódò, kò sẹ́ni tó ráyè fún àjèjì. Lọ ní ọjọ́ 3 tàbí 4 lẹ́yìn rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán, nígbà tí ibẹ̀ bá dákẹ́. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì á fẹ́ ẹni tó máa bá sọ̀rọ̀. Bi í nípa iṣẹ́ tó wà lára ògiri. Má tíì mẹ́nu ba tìrẹ. Nígbà tó o bá padà lọ nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ á bi ọ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe.

Àwọn ibi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ má wọ́n: Fondation Zinsou, tó ti wà ní Kútọnu láti 2005 (wọ́n tún ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní Ouidah láti 2013), Institut français, àti Le Centre ní Godomey lọ́dọ̀ wa níbí.

Bí èmi ṣe wọlé rèé. Mo dé gálárì kan (ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán, tí wọ́n sì ń tà á) lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá èèyàn 2 tí wọ́n ń jà fitafita láti gbé àwòrán 30 kọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo bọ́ bàtà, mo di àkàbà mú. Aago 2 ọ̀sán títí di 11 alẹ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé a kì í kàn gbé àwòrán kọ́ bó ṣe wù wá: àárín rẹ̀ la máa ń wọ̀n sí bíi 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀, kó lè bá ojú ẹni tó dúró mu. Nígbà tí wọ́n tún máa ṣe òmíràn, wọ́n pè mí, wọ́n sanwó fún mi. Ọdún kẹta ni wọ́n gbé tèmi kọ́.

ỌmọAkunlé (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8 alẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Bàbá Kétu, mi ò tíì pe ẹni náà láti ọjọ́ tó ti rà á. Ojú ń tì mí, mo rò pé á ní owó ni mò ń wá.

Ìbéèrè 2 ló kù. Báwo lẹ ṣe ń dá iye lé iṣẹ́? Ibi tí ẹnu mi bá bọ́ sí ni mo ń dárúkọ. Ìkejì, ẹnì kan gbé iṣẹ́ pátákó wá bá mi lánàá, 35,000. Mo kọ̀ ọ́ nítorí mo fẹ́ kí ayé mọ̀ mí sí ayàwòrán. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Alárè (Kútọnu), Ọjọ́rú, aago 7 àárọ̀

Lórí iye: ọ̀pọ̀ wa níbí ń lo ọ̀nà yìí. Fi gígùn àwòrán kún fífẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí o wá fi nọ́ńbà kan sọ ọ́ di púpọ̀. Àwòrán 80 sí 60, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140. Bí nọ́ńbà rẹ bá jẹ́ 500, 70,000 nìyẹn. Gbogbo àwòrán rẹ á ní iye tó bára mu, o ò sì ní máa wo bàtà ẹni tó wọlé kó o tó dárúkọ owó. Bí ọjà bá ń yá, o lè gbé nọ́ńbà náà sókè díẹ̀ lọ́dún kan sí èkejì. Má gbé e wálẹ̀ o, ẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ á rò pé o rẹ́ òun jẹ.

AráGodomey, Ọjọ́rú, aago 7:30 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n Alárè fi ibì kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gálárì ló ń gba ìdajì. 70,000 yẹn, 35,000 ló máa dé ọwọ́ rẹ. Yọ owó aṣọ, igi férémù, ọ̀dà àti ọkọ̀ kúrò níbẹ̀, kí o wò ó bóyá ohun tó ṣẹ́ kù tó oúnjẹ. Láti ibi ìdajì yẹn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, lẹ́yìn náà lo máa mọ nọ́ńbà tó yẹ.

Iye kan náà ni kó jẹ́ nílé àti ní gálárì. Ẹni tó bá rí i pé 70,000 ni ní Kútọnu, tó wá rí i ní 35,000 nínú yàrá rẹ ní Ouando, kò ní gba gálárì gbọ́ mọ́. Gálárì náà kò ní pè ọ́ mọ́.

BàbáAláwòrán (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, aago 10 àárọ̀

Ìwọ ọmọ yìí, lọ gba iṣẹ́ pátákó yẹn lónìí bí wọn ò bá tíì gbé e fún ẹlòmíì. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní ìlú yìí, mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ tí ebi lé kúrò. Ya ọjọ́ 2 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún pátákó, kí ọjọ́ 4 jẹ́ ti àwòrán. Ọwọ́ tó mọ bí lẹ́tà ṣe ń dúró lára ògiri, ọwọ́ tó gbọ́n ni, ojú ẹni tó mọ̀ á rí i lára iṣẹ́ rẹ.

Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí ayé mọ̀, Àjàṣẹ́ níbí ni wọ́n ti bí i ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì tí àwọn ọlọ́kadà fi ń ru kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, wọlé láti Nàìjíríà, èyí tó ti fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mọ́, òun ló sọ di ojú èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kan tó fi kẹ́ẹ̀gì tó lé ní 300 tò bí ọkọ̀ ẹrú, British Museum, ilé àkójọ ńlá ní London, ló rà á. Ní 2007 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Arnold Bode ní Kassel, ní Jámánì. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ níbi ìpàtẹ ńlá ti Venice ní 2024, ó wà lára àwọn 4 tí wọ́n mú, pẹ̀lú Ishola Akpo, Moufouli Bello àti Chloé Quenum. Ohun tó wà lójú títì wa ló fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin orí ọ̀sà tó o ń yà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kó o yà kìnnìún dípò rẹ̀.

Ní ti ojúlùmọ̀, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ gálárì àti olówó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́? Àwa 4 la jọ háyà ibi iṣẹ́ kan nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, a jọ ń ra ọ̀dà, ẹni tó bá tà ló ń sanwó iná lóṣù yẹn. Nígbà tí wọ́n pe ọ̀kan nínú wa sókè òkun, tí wọ́n sì bi í pé ta ló tún wà nílùú yín, orúkọ àwa 3 ló kọ sílẹ̀. Àwọn kan wà ní Àjàṣẹ́ tí wọn kò mọ̀ ọ́ bí ìwọ náà kò ṣe mọ̀ wọ́n. Lọ sí Ouadada, ilé àṣà kan níbí, wọ́n ti bá àwọn ayàwòrán ṣiṣẹ́ lórí àwọn ojúbọ àti gbàgede àdúgbò wa. Lọ sí École du patrimoine africain, ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ogún àṣà Áfíríkà, inú ìlú wa níbí náà ló wà.

ÌyáAláàdìrẹ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, aago 10:20 àárọ̀

Bàbá ti sọ ọ́. Mà á fi èyí kún un: jókòó ti ìyàwó rẹ, sọ iye oṣù fún un. Má kàn sọ pé kó ní sùúrù. Sọ pé oṣù 12 tàbí 18, kí ẹ sì kọ ohun tó yẹ kó ti wọlé ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ ìyàwó irú èèyàn bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mo ń sọ.

ỌmọÒkè (Sábẹ), Ọjọ́bọ̀, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìforítì. Sábẹ ni mo wà, ó lé ní 200 kìlómítà sí Kútọnu, mi ò lè máa lọ sí ìpàtẹ bí ẹ ṣe ń lọ. Orí fóònù ni mo ti mọ èèyàn. Ìyẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, fọ́tò. Ẹ má yà á nínú yàrá pẹ̀lú iná. Ẹ gbé àwòrán náà sí ìta, níbi òjìji, láàárọ̀, kí ẹ dúró gangan níwájú àárín rẹ̀, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn láìwọ́. Èmi tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ike omi ló ń hàn nínú fọ́tò mi. Lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun tí ẹ fi yà á, gígùn àti fífẹ̀.

Ìkejì, lẹ́tà. Ìlà 6 tó: ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ ń yà, ìdí tó fi jẹ́ pé òun lẹ kọ̀wé sí, fọ́tò 5 péré, ẹ ṣeun. Ẹ kọ ọ́ ní Faransé, kí ẹ ní ti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ẹ má kọ lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn 50, wọ́n á mọ̀. Mo kọ 30, àwọn 4 ló dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn gbà mí fún oṣù 2 níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà sílé, wọ́n fún mi ní yàrá, oúnjẹ àti ọ̀dà. Èyí tó kọ̀ mí, mo kọ̀wé dúpẹ́, mo sì fi iṣẹ́ tuntun ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn oṣù 6. Òun náà ti wá ń dáhùn báyìí.

Ẹlẹ́rùSèmè, Ọjọ́bọ̀, aago 9 alẹ́

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ Èkó! Àjàṣẹ́ sí Èkó kò jìnnà, Yorùbá lẹ sì ń sọ, kí ló tún kù? ART X Lagos, ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọnà, ń wáyé lóṣù kọkànlá láti 2016. Ẹ lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ ń kàn lọ fojú wo bí àwọn ẹgbẹ́ yín ṣe ń gbé iṣẹ́ kalẹ̀ ni. Ẹ dé Nike Art Gallery ní Lekki náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ kọjá ní ẹnubodè Sèmè, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ gbogbo àwòrán sí, ẹ bọ́ wọn kúrò lára férémù, kí ẹ ká wọn pẹ̀lú ojú ọ̀dà sínú kó má bàa ha.

ỌmọÒkè (Sábẹ), Ọjọ́bọ̀, aago 9:15 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká a báyẹn! Ojú ọ̀dà ló gbọ́dọ̀ wà níta. Bó bá wà nínú, ọ̀dà á máa run pọ̀, á sì ṣán. Ẹ ká a mọ́ páìpù tó fẹ̀, ẹ fi bébà funfun bò ó. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, yíǹkì rẹ̀ ń ràn. Mo pàdánù àwòrán 2 kí n tó mọ èyí.

Ẹlẹ́rùSèmè, Ọjọ́bọ̀, aago 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, mo gbà. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Oníṣirò (Kútọnu), Ọjọ́ Ẹtì, aago 12 ọ̀sán

Ẹ lọ gba IFU, ìyẹn nọ́ńbà owó orí. Iléeṣẹ́ tàbí àjọ kì í fi owó lé èèyàn lọ́wọ́ lásán, wọ́n á bèèrè fákítù (ìwé tí ẹ kọ iye owó iṣẹ́ sí) tí nọ́ńbà IFU wà lórí rẹ̀. Mo ta iṣẹ́ fún ọ́fíìsì kan rí, oṣù 5 ni owó fi dúró nítorí ìwé kan ṣoṣo yìí. Ẹ tún lọ forúkọ sílẹ̀ ní BUBEDRA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó ra àwòrán yín kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà tàbí aṣọ, ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé títà.

ỌmọAkunlé (Àjàṣẹ́), ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Mo ti lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. 2 nínú àwòrán náà wà lára ògiri lóòótọ́, wọn ò kọ orúkọ tàbí iye kankan sí i. Ìkẹta wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí lẹ́yìn fíríìjì, omi ti ta sí igun rẹ̀ kan. Mi ò pariwo. Ọ̀gá buwọ́ lu ìwé ti àwọn 2 fún oṣù 3, mo sì gbé ìkẹta wálé. Mo ti ń tún un ṣe.

Iṣẹ́ pátákó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni náà júwe mi fún ẹlòmíì, mo parí rẹ̀ lánàá. Mo ti lọ rí gálárì kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin ìdí tábìlì rántí orúkọ mi.

Mo ra ìwé kékeré. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú, ti ẹni tó ra àwòrán 2 àkọ́kọ́. Ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó lè tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Ó ní òun ti rò pé mo ti kúrò ní Àjàṣẹ́ ni. Ó ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì máa mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá láti Faransé dání.

ÌyáAláàdìrẹ (Àjàṣẹ́), ọjọ́ kan náà

Gbá yàrá yẹn, kó o ṣí fèrèsé, òórùn ọ̀dà máa ń fún àlejò ní orí fífọ́. Má kó gbogbo àwòrán rẹ jáde. Gbé 5 kọ́, kí ìyókù kọjú sí ògiri títí wọ́n á fi bèèrè. Kí ìyàwó rẹ náà jókòó síbẹ̀.